Bàtà Bàbá Kékeré

Mò ń ṣa ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́ nígbà tí aládùúgbò mi na fóònù rẹ̀ sí mi: "Ìyá Ràfíù, ṣé ilẹ̀ yín kọ́ nìyí?" Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń báni ta ilẹ̀, ló ń polówó ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Tẹ́lẹ̀, kó tó ta ilẹ̀ kan, á bọ́ bàtà, á fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ yípo, á kí gbogbo ará àyíká. "Ẹni tí kò kí onílé, olè ni," ló máa ń wí.

Nínú fídíò yìí, ó wọ bàtà dúró sídìí àgbọn tí mo sin ìwọ́ ọmọ mi sí. "Kò séèyàn níbẹ̀ o! Pas de problème! Kò sí wàhálà!"

Ọmọ mi yọjú wo fóònù náà. "Màmá, nígbà tó ń ya fídíò yìí, Bàbá Kékeré ní kí n kúrò níwájú fóònù."

Mo fà á mọ́ra. "Bó bá tún dé, kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n má kúrò."