Dísíkẹ́ẹ̀tì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Rán Sínú Awọ

Mo ti rí iná rí. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Oníyanrìn jó kanlẹ̀, ẹ̀wù ọrùn mi nìkan ni mo bá jáde. Látìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ ní Bẹẹrẹ, níbi tí a ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò fídáù, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yẹ kí èèyàn kọ́ ní ìwà: irú lẹ́tà tí a ń lò, àyè tí a ń fi sí etí ìwé, bọ́tìnnì tó ń mú àmì wá sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú àwọn fáìlì kéékèèké kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Odindi àsìkò òjò kan ni mo fi tò wọ́n.

Òfin mi ò ju ẹyọ kan lọ. N kì í ṣàtúnṣe lórí kọ̀ǹpútà kan kí n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí, ni mo ti ń tún un ṣe, màá wá gbé e kárí, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra bí ìbẹta. Ọ̀gá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé mo ń gbé dísíkẹ́ẹ̀tì kiri bí abiyamọ. Mo jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ṣe ẹ̀dà kan sí i, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kí iná kan ṣoṣo má tún rí gbogbo nǹkan mi jó. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ mi ló wà nínú rẹ̀, kó má jẹ́ kómi kàn án, kó má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tó yá, fáírọ́ọ̀sì wọ àwọn kọ̀ǹpútà wa. Ọ̀gá pe ẹni tó ń tún wọn ṣe. Ọkùnrin náà fọ gbogbo wọn bí ẹní fọ ìkòkò, títí kan dísíkẹ́ẹ̀tì tó bá lórí tábìlì. Ó dá wọn padà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú páálí. Iṣẹ́ ìdílé kan ní Mápó sì wà nílẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fídáù ìyá wọn. Ọ̀gá wò mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kí n dé Ìsàlẹ̀ Òsì.

Ẹ̀wà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣà lójúde nígbà tí mo dé. Mo béèrè dísíkẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé, ó mú tírà aláwọ pupa kan jáde, wọ́n rán an yíká, wọ́n fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ti gbé dísíkẹ́ẹ̀tì náà lọ fún àwọn oníṣẹ́ awọ, wọ́n ti rán an sínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí mo ṣe fún un, bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ tírà ló gbọ́ ọ. Òkè bẹ́ẹ̀dì ló gbé e kọ́ sí, ibẹ̀ ló ti ń ṣàdúrà fún mi.

Mo ní kó fún mi ní abẹ. Ó gbé tírà náà pa mọ́ sábẹ́ ìró.

"Látìgbà tó ti wà lọ́wọ́ mi, ṣé iná tún jó ẹ?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

"O wá fẹ́ tú u. Kí ló máa wá ṣọ́ ẹ?"

Èmi náà ti bi ara mi nírú rẹ̀ rí. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ò lè ka ohun tó wà nínú awọ, àti pé tí kò bá kà á, ìdílé kan á ṣe fídáù ìyá wọn láìsí ìwé lọ́wọ́ èèyàn. Ó béèrè ìyá ta ni. Mo dárúkọ agbo ilé náà. Ó ní òun àti ìyá náà jọ lọ ilé kéú ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mú abẹ, ó ń tú òwú náà díẹ̀díẹ̀, ó ń ka àdúrà sẹ́nu.

Etí awọ nìkan ni abẹ́rẹ́ gbà kọjá, kò kan dísíkẹ́ẹ̀tì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fáìlì ti wọ kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń han.

Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà mìíràn lọ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi sínú agolo bisikíìtì, kó lè rọrùn láti ṣí. Ó ní ẹyọ kan ò tó.

"Èyí tí wàá máa wá mú, fi sínú agolo. Èyí tó ń ṣọ́ ẹ, mo ti bá oníṣẹ́ awọ sọ̀rọ̀."

Mo ṣe méjì fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún nǹkan tò ni mo ń lọ pààrọ̀ ti inú agolo. Ti inú awọ, mi ò béèrè rẹ̀ mọ́.