Òwúrọ̀ Tí N Kò Dáhùn Oríkì Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgandò, ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé mo fẹ́ràn màmá mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà gidi á máa béèrè pé irun funfun mélòó ló wà lórí mi tí mo fi ń sọ̀tàn bí àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fa omi kànga ní Ìgandò kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì wa, ó ti ní ìtàn tó lè sọ fún ọmọdé.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ tí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síra wọn ni à ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, èmi nìkan sì ni ọmọ tí màmá mi bí. Láràárọ̀, bí mo bá ti jí, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọn á pe oríkì mi lẹ́ẹ̀mẹta, èmi náà á sì dáhùn “Mà” lẹ́ẹ̀mẹta. Bí n kò bá dáhùn dáadáa, wọn á tún un pè. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tó máa ń mọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, tíṣà tó ń kọ́ àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún wa pé Ọlọ́run ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ọkàn wa, pé a kò gbọdọ̀ fẹ́ràn ìyá tàbí bàbá jù ú lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò bá wọn jiyàn rẹ̀ títí di òní. Iyọ̀ tí wọ́n wá fi sí i ló pọ̀ jù. Wọ́n ní òjòwú ni Ọlọ́run, ohunkóhun tí a bá gbé ṣíwájú rẹ̀, yóò mú un kúrò. Wọ́n ní kí kálukú yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Mo yẹ tèmi wò lórí bẹ́ǹṣì tí mo wà, màmá mi ni mo bá níbẹ̀, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Màmá mi lóyún lásìkò náà, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Oyún tó ṣáájú rẹ̀ bàjẹ́, díẹ̀ ló sì kù kí màmá mi náà bá a lọ. Mo wá fi ọgbọ́n ọmọdé rò ó pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ mú wọn kúrò, ìgbà ìbímọ yìí náà ni, èmi ni mo sì fà á.

Mo bá pinnu pé mo máa dín ìfẹ́ náà kù kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn tó pé. Bí wọ́n ṣe ń dín ìfẹ́ kù, ta ló mọ̀ ọ́n? Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Bí mo bá jí, mo máa ń yọ́ lọ sídìí kànga lọ gbàdúrà, kí n lè kọ́kọ́ kí Ọlọ́run. Bí mo bá padà dé, n kì í kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá pe oríkì mi, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo máa ń gbé korobá mi kọjá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó jí tí kò kí ìyá rẹ̀ ti fa ẹjọ́. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, fẹ́ nà mí, màmá mi ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ìyá aránṣọ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìyá ẹ fi ṣe ẹ́ gan-an? Ṣé o ò rí i bó ṣe ń rù ni? Jàre, lọ kúnlẹ̀ kí ìyá ẹ.” Mo yà lọ sídìí kànga. Mo rò pé bí mo bá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, Ọlọ́run á gbọ́ pé mo ṣì fẹ́ràn wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìrọbí mú màmá mi, ní ìyálẹ̀ta, bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá aránṣọ sáré pe kabúkabú, wọ́n ní kí àwọn ọmọṣẹ́ wọn máa mójú tó mi. Màmá mi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n pe oríkì mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbá òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, mo pa ẹnu mọ́. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n sì wọlé sínú ọkọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ti yà sí kọ́nà ni mo tó dáhùn. Ta ló fẹ́ gbọ́?

N kò mọ bí mo ṣe lo ọ̀sán ọjọ́ náà. Gbogbo ọ̀kadà tó bá dúró lẹ́nu géètì wa ni àyà mi ń já sí, mo rò pé ìròyìn ikú ló gbé wá. Mo ń sọ fún Ọlọ́run pé, “O rí i pé n kò dáhùn. O rí i, àbí? Jọ̀ọ́, má mú wọn.” Lẹ́yìn náà ni mo tún ń rò ó pé bí wọ́n bá kú báyìí, wọ́n kú pẹ̀lú èrò pé mo kórìíra wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi dé, wọ́n mú mi lọ sílé ìwòsàn. Màmá mi ti bí ọkùnrin, wọ́n wà láàyè. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ tíṣà dé ìdí kànga. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán.

Màmá mi ní, “Ẹni tó ní ká fẹ́ràn òun jù, ṣebí òun náà ló ní kí o bọ̀wọ̀ fún mi? Èmi rò pé ẹnì kan ló bà mí jẹ́ lójú ẹ ni. Mo sọ fún Ọlọ́run nínú mọ́tò pé bí ọmọ mi ò bá tiẹ̀ fẹ́ràn mi mọ́, bí mi ò bá sì padà wálé, kó ṣá má jẹ̀ẹ́ kí o kúrò lọ́dọ̀ òun. Ìyẹn nìkan ni mo tọrọ.”

Nínú ìrora yẹn, ẹ̀mí wọn kọ́ ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún. Ọjọ́ náà ni mo rí ẹni tó fi Ọlọ́run ṣáájú, kò sì dín ìfẹ́ tó ní sí mi kù rárá.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti dí kànga náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ló sì ń kí ìyá wọn láàárọ̀ láìgbé ojú kúrò lára fóònù. Èmi náà ti ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá. Láàárọ̀ tí mo bá pe oríkì rẹ̀ tí kò dáhùn, ẹ̀rù àtijọ́ yẹn á tún dé, nítorí n kò mọ ohun tó ń rò lọ́kàn. Mo máa ń gba àdúrà màmá mi lé e lórí, pé bí kò bá tiẹ̀ fẹ́ràn mi mọ́, kó ṣá má kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè gbà á bí wọ́n ṣe gbà á. Kí n tó ṣe àmín, mo máa ti fi kún un pé, “Jọ̀ọ́, Olúwa, kó fẹ́ràn èmi náà.”