Àtẹ̀jíṣẹ́ Àárọ̀ Ìyá Agẹrun

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti ṣe kí ewú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Agẹrun ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun kò fẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ. Àga kan, dígí kan, àti bẹ́ǹṣì tí àwọn tó ń dúró de àyè ń jókòó sí ló wà níbẹ̀. Àwọn ará bẹ́ǹṣì yìí ló sọ ọ́ di alátùnṣe fóònù. Ẹnì kan á máa ráhùn pé fóònù òun kò gbọ́ràn mọ́, Agẹrun á ní kó gbé e wá kí òun wò ó. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé fóònù wá pọ̀ ju àwọn tó ń gbé orí wá lọ. Ó gbé àga jáde, ó gbé tábìlì wọlé.

Inú fóònù ló ti rí iṣẹ́ kẹta. Ó máa ń tú u palẹ̀, á to egungun rẹ̀ sórí aṣọ funfun, á sì máa bi ara rẹ̀ pé ta ló sọ fún nǹkan yìí pé kó dún. Ó ra kọ̀ǹpútà àgbélétan àlòkù tí lẹ́tà kan ti yọ lójú rẹ̀, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn àṣẹ tí èèyàn ń tò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí yóò ṣe àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n bi í pé kí ló rí nínú iṣẹ́ àjókòó yìí. Ó ní, “Ó sàn ju irun lọ. Bí mo bá gé èyí jù, mo lè dá a padà.”

Ilé ìwòsàn ojú kan gbà á síṣẹ́. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn aláìsàn máa ń gbàgbé ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn. Dókítà á jókòó, á máa wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí Agẹrun kọ ètò tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù oníkálukú ní àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́. Orí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà báyìí: “Ẹ káàárọ̀. A ò gbàgbé yín o.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ yóò so aago tí dókítà ń retí onítọ̀hún mọ́ ọn nídìí.

Kí ẹ̀rọ tó máa ránṣẹ́ káàkiri láràárọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ rán ẹyọ kan sí nọ́ńbà kan, kó lè mọ̀ pé ọ̀nà là. Nọ́ńbà tó wà nítòsí ni Agẹrun fi sí i. Fóònù ìyá rẹ̀ ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, gíláàsì rẹ̀ ló fọ́ tó ń bá a pààrọ̀. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń kọ ètò gbé yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá pè ní ti ìgbà díẹ̀ máa ń dàgbà, á níyàwó, á bímọ.

Ìyá rẹ̀ kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú dókítà ojú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láìní ìdí. Láràárọ̀, kí oòrùn tó dé fèrèsé rẹ̀, fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan: Ẹ káàárọ̀. A ò gbàgbé yín o.

Alágbàfọ̀ ni ìyá yìí. Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló fi fọ̀, ló fi lọ̀, ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní ó tó. Ó ń dá gbé yàrá kan, bọ́ọ̀sì méjì sí ilé ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀wé púpọ̀. Ìka ló fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lójú fóònù. Ṣùgbọ́n ó mọ èyí kà.

Agẹrun kò mọ nǹkan kan títí ọjọ́ tó bá àbúrò ìyá rẹ̀ lálejò níbẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lórí.

“Ọmọ dáadáa! Ọmọ tó ń kí ìyá ẹ̀ láràárọ̀! Tèmi, bí mi ò bá pè é, á gbà pé wọ́n ti sin mí.”

Agẹrun rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, kíkí wo?”

Ìyá rẹ̀ ti gbé fóònù dé. “Má dá a lóhùn, ìtìjú ló ń ṣe é. Wò ó, ‘a’ ló kọ. Kò kọ ‘mi ò’. Òun, ìyàwó ẹ̀, ọmọ wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pa ẹnu pọ̀ kí mi.”

Agẹrun wo ojú fóònù, ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun kọ fún ẹ̀rọ ni. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti ọjọ́ yẹn, ti ìgbà díẹ̀ di ti ìgbà gbogbo. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ètò náà kọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tún nọ́ńbà ìyá rẹ̀ kọ sí i.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìjókòó ẹ̀yìn láìlo agbára. Òun ló ń fara da gbogbo ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ ń kó wọlé. Agẹrun ṣe iná kan sí yàrá tó jẹ́ pé bí èèyàn bá pàtẹ́wọ́, á tàn. Bó bá tún pàtẹ́wọ́, á kú. Kò rántí ẹ̀fọn. Obìnrin náà á gbá ẹ̀fọn, iná á tàn. Á gbá òmíràn, iná á kú. Ó ń sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ pé, “Nílé tiwa, ẹ̀fọn ló ń tanná.” Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá bú ẹ̀rọ náà, ìjà ni.

Bí Agẹrun ti ń pẹ́ nílé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e ga. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá. Àga rẹ̀ ń yí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní orúkọ, kò sì kọ ètò mọ́. Inú ìpàdé ló ń ti bọ́ sínú ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn ra ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lọ́jà, wọ́n ní ti Agẹrun ti gbó, kó máa bá àwọn tó ta tuntun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń gbé ẹrù káàkiri, ó ní kí wọ́n fi òun sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ètò.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. “Ọ̀gá tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga! Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín lórí, bóyá ó gbóná.” Ó fọwọ́ kàn án lórí lóòótọ́. Ó sì fi ẹnu kàn án.

Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni ọkùnrin kan tó ti fìgbà kan ṣe olùkọ́ ìṣirò. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Tíṣà ń ka ètò àtijọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìwé, ló bá dúró.

“Agẹrun, ta ló ni nọ́ńbà yìí?”

“Màmá mi ni.”

“Ojú ń dùn wọ́n ni?”

“Ojú wọn mọ́ ju tèmi lọ.” Ó sọ bó ṣe jẹ́ fún un.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ kó lè nu omijé. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, “Mi ò lè gbé e sínú tuntun o. Nọ́ńbà ẹni tí kì í ṣe aláìsàn ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bá a bá ti pa ti àtijọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó parí nìyẹn.”

Agẹrun gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò le, òun á kọ ètò kékeré kan síbí, á máa rán an lọ láràárọ̀, màmá ò ní mọ ìyàtọ̀.

Obìnrin náà ń bọ́ bàtà iṣẹ́. Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀. “Ẹ fẹ́ ra irọ́ tuntun dípò èyí tó gbó?”

“Irọ́ kọ́. Ìkíni ni.”

“Baba ọmọ mi, lọ́dún tó kọjá tí wọ́n yọ òkúta kúrò nínú àpò òróòro yín, tẹ́ ẹ ní ká má sọ fún màmá kí àyà wọn má já, ta ló ń kí wọn? Ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ò lè gbé ṣíbí. Ẹ̀rọ ń sọ fún wọn pé ara yín le.”

Agẹrun bá a bọ́ bàtà kejì.

“Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ lọ bá wọn.”

Ó lọ ní Sátidé. Ó ti pinnu pé òun á sọ ti nọ́ńbà, òun ò ní sọ ti òkúta. Kò sí ìdí tí màmá fi gbọ́dọ̀ gbọ́ apá ibẹ̀. Bó ṣe wọlé, ìyá rẹ̀ wo ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀.

“Ta ló sùn lé èyí lórí? Bọ́ ọ.”

“Màámi, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́...”

“Ṣé ẹ̀wù lo fi ń sọ̀rọ̀ ni? Bọ́ ọ, kó o máa sọ ọ́ lọ.”

Áyọ́ọ̀nù ti ń gbóná. Agẹrun bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sí etí ibùsùn láìwọ nǹkan sókè, bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ó sọ ọ́. Ó sọ ti gíláàsì tó fọ́, ti nọ́ńbà tó wà nítòsí, ti ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀nà tó là. Ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ. Ó lọ kọ́là, ó lọ ẹ̀yìn, ó lọ apá ọ̀tún.

“Ẹ̀rọ ni, àbí?”

“Ẹ̀rọ ni, Màámi. Ẹ má bínú.”

“Ìwọ lo kọ ohun tó ń wí?”

“Èmi ni.”

Ìyá ṣe hùn-ún. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ rọlẹ̀. Ó yíjú láti gba apá òsì ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, ojú rẹ̀ bọ́ sí ikùn ọmọ rẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà, ó ń dán.

“Kí nìyẹn?”

Agẹrun fi ọwọ́ bò ó. Ó ti pẹ́ jù.

“Wọ́n yọ òkúta kan níbẹ̀, lọ́dún tó kọjá. Kékeré ni.”

“O sùn sí ọsibítù?”

“Ọ̀sẹ̀ kan.”

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù nàró. “Ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan yìí ń dún láràárọ̀. Màá kà á tán, màá ní, ọmọ mi ti jí, ara ẹ̀ le. Màá lọ bomi sójú, màá máa kọrin. O wà níbi tí wọ́n ti là ọ́, mo ń kọrin.”

“Màámi...”

“Wọ ẹ̀wù ẹ.”

Apá òsì kò tíì lọ̀. Nínú gbogbo ọdún tó fi ṣe alágbàfọ̀, ìyá yìí kò fi aṣọ tí kò tíì parí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Agẹrun wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń wo apá tó rún náà títí ó fi sọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà pa ètò àtijọ́. Agẹrun pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. “Mo wà,” ni ìyá wí, ó sì pa á. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Agẹrun. Ìyàwó rẹ̀ kò bú u, kò sì tù ú nínú. Ó kàn ń gbá ẹ̀fọn jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ kẹta, ìyá ló pe Agẹrun fúnra rẹ̀.

“Gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ kí mi mọ́. Bí ara ẹ bá le, fi ọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó tó. Bí ara ẹ ò bá le, má kọ nǹkan kan. Tí mi ò bá ti rí i kí oòrùn tó dé fèrèsé mi, mo mọ̀ pé kí n wọ bàtà.”

“Bàtà kẹ̀, Màámi?”

“Kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ ni. Àbí ẹsẹ̀ lásán ni kí n gbé wọ bọ́ọ̀sì?”

Agẹrun gbà. Ó ń kọ ọ́ láràárọ̀, nígbà mìíràn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́nu. Kì í kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. “Mo ti jí, Màámi.” “Òjò ń rọ̀ níbí.” “Ọmọ yín ò rí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ kejì.” Ìyá kì í fèsì, ṣùgbọ́n kò tún sọ “mo wà” kó pa fóònù mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi iṣẹ́ tuntun, ètò kan ṣìwà hù. Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gba àṣẹ pé kí wọ́n lọ sí ojú pópó kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti pe Agẹrun. Ó sáré jáde, kò rántí nǹkan mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ kóra jọ yí tábìlì ká, ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ń béèrè ibi tí àṣìṣe wà. Fóònù Agẹrun dún. Ìka rẹ̀ tẹ ibi tí kò yẹ, ohùn ìyá rẹ̀ sì kún yàrá.

“Mo ti wọ bàtà.”

“Màámi! Ara mi le! Iṣẹ́ ló pọ̀, mo gbàgbé ni. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ máa ń wí.”

Ẹnì kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. “Ta nìyẹn?” ni ìyá béèrè.

“Àwọn ará ibi iṣẹ́ ni, Màámi. Ọ̀gá mi wà níbí.”

“Gbé fóònù fún ọ̀gá ẹ.”

Agẹrun wo ọ̀gá bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Obìnrin náà na ọwọ́, ó gba fóònù, ó gbé e sí etí. Ó tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń wò ó báyìí. Ó ń làágùn, àmọ́ ara ẹ̀ le.” Ó tún tẹ́tí. “Rárá, kò rù.” Ó tún tẹ́tí, ó yíjú wo Agẹrun láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó jẹun bí? Wọ́n ní ṣé o ti jẹun.”

“Mi ò tíì jẹun, Mà.”

“Kò tíì jẹun, Màámi. A máa fún un lóúnjẹ.”

Ó dá fóònù padà fún un. Ojú rẹ̀ ti rọ̀, ojú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí níbi iṣẹ́ yẹn.

“Wọ́n ní àwọn ti ń bọ́ bàtà,” ni ọ̀gá wí. “Ká máa bá iṣẹ́ wa lọ.”