Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Fi Ẹwà Bò Mọ́lẹ̀

Nígbà tí mo ń kọ ìròyìn láti Adó ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan ní Èkó, bí ọmọ bá sọnù, ọ̀dọ̀ akódà ni à ń sáré lọ. Akódà ni ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà: fìlà pupa lórí, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀. Ọ̀gá wọn á kọ bí ọmọ ṣe rí sínú ìwé, oníkẹ̀kẹ́ á gbé e lọ sí ìlú tó yí wa ká, ìlú tó bá rí ọmọ tó jọ ọ́ á sì ránṣẹ́ padà. Ètò náà dára. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ìyá ọmọ ni wọ́n ń bi léèrè.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan sọnù ní Ọjà Ọba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń ta iyọ̀. Mo wà ní àgọ́ akódà nígbà tí obìnrin náà wọlé, tó káwọ́ lérí, tí ìyálé rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìyálé yìí sọ fún mi pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àwọn ti kí ara wọn gbẹ̀yìn. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ọmọ ò mọ nǹkan kan nípa ìjà wa.”

Ọ̀gá akódà bi ìyá léèrè bí ọmọ ṣe rí. Ó ní ọmọ òun ga, ara rẹ̀ ń dán bí àdí, kì í sunkún, kì í ṣe wọ̀bìà. Ọ̀gá kọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bi í bóyá ọmọ ní àpá lára. Obìnrin náà wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. Ó ní ọmọ òun kò lábùkù.

Oníkẹ̀kẹ́ gbé ìwé náà lọ sí Ìgèdè, ó sì padà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ìyá ọmọ ò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Àwọn ará ọjà ti ń dárúkọ gbọ́mọgbọ́mọ.

Oníkẹ̀kẹ́ ní awakọ̀ kan bá ọmọ kan tó sùn sáàárín àpò kòkó lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó ti dúró ní ìlú púpọ̀, ó sì fà á lé akódà Ìgèdè lọ́wọ́. Wọ́n bi ọmọ náà níbo ló ti wá, ó ní “ulé,” ìyẹn ilé. Wọ́n ní ulé ta ni, ó ní “ulé wa.” Lọ́la ni wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí Ìlawẹ̀, bóyá ará ibẹ̀ ni.

“Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa,” ni oníkẹ̀kẹ́ wí. “Mo ka ìwé wa, mo wo ọmọ náà, ojú tì mí fún ìwé.”

Ìyá ní kì í ṣe ọmọ òun nìyẹn, ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ìgbà náà ni ìyálé dìde. Ó ní kí ọ̀gá mú ìwé mìíràn. Ó ní ọmọ náà kúrú. Làpálàpá wà lórí rẹ̀ lápá òsì. Bó bá ń sunkún, á di ojú ọ̀tún, á fi tòsì máa wo ẹni tó fẹ́ ṣàánú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ẹran ni yóò kọ́kọ́ mú. Ìdodo rẹ̀ tó àgbálùmọ̀.

Ìyá ọmọ ní kí wọ́n gba òun, ìyálé òun ń bú òun níta.

“Bí mo bá fẹ́ bú ọ,” ni ìyálé wí, “ilé ni mo ti máa ń bú ọ. Ọmọ ni mò ń wá.”

Ọ̀gá ya ìwé àkọ́kọ́. Oníkẹ̀kẹ́ ò sinmi. Èmi náà gun kẹ̀kẹ́ tèmi tẹ̀ lé e. Ní Ìgèdè, akódà ibẹ̀ ka ìwé tuntun, ó gbé ẹ̀wù ọmọ sókè, ó wo ìdodo, ó sì pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sì di ojú ọ̀tún.

Ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ló jókòó lé wọ Adó, tòun ti fìlà pupa akódà tó bo làpálàpá rẹ̀. Ìyá gbá a mọ́ra títí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ fún ìyálé.

“Ẹ ṣeun, ìyálé mi,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ìdodo náà ò tó àgbálùmọ̀.”

“Ó tó,” ni ọ̀gá akódà wí. “Ó ti wà nínú ìwé.”