Ilé Tí Mo Yà Láì Fẹsẹ̀ Débẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo ti sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ àwòrán yà jù mí lọ ní gbogbo Camp Springs, níbí ní Amẹ́ríkà. Mi ò parọ́. Mi ò parí high school lóòótọ́, àmọ́ tí pẹ́ńsùlù bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ máa yanu ni. Àǹtí Bọ́lá tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn ló bá mi wá iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ tó o máa ń yàwòrán sẹ́yìn gbogbo lẹ́tà mi," wọ́n ní, "lọ yà á níbi tí wọ́n á ti sọ ẹ́ dèèyàn."

Ọ̀gá wa ni Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ọmọ Ìbàdàn tó lọ kàwé nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n wá di tíṣà níbẹ̀. Iléèwé ìjọba ni iléèwé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ọ̀yàn bí wọ́n ṣe ń ya pláànù ilé. Àmọ́ ilé nìkan kọ́ ló ká wọn lára o. Ẹ̀kọ́ nípa ìlú ni wọ́n ń kọ́, àti gbogbo ohun tó yí ìlú ká: gọ́tà, ọ̀nà ẹsẹ̀, igbó tó kù lẹ́yìn ilé tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà wá sí Prince George's County, àgbègbè wa, fún oṣù kan, kí wọ́n wá wo bí ilé ṣe ń jẹ oko lọ. Èmi ni mò ń fi bọ́ọ̀sì gbé wọn káàkiri, tí mo tún ń bá wọn yàwòrán. Àyè ẹnì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù iléèwé náà nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi páálí kọ́ ilé kéékèèké. Ọdún kan gbáko, kódà ẹni tí ò ní sátífíkéètì lè gbà á. Àyè yẹn ni mò ń wá. Mo tiẹ̀ ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti lọ.

Òfin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn: ohun tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá tẹ̀, ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ yà á. Wọn kì í kọ́kọ́ wo máàpù. Wàá rin àdúgbò náà lẹ́ẹ̀mẹta, wàá máa ka ìṣísẹ̀ rẹ, kó o tó jókòó yà á. Èmi ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ṣé kí n máa ka ẹsẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni?

Lọ́jọ́ kan, ní Clinton, wọ́n fún mi ní òpópónà kan tó yà kúrò lórí Route 5. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ wò ó, àwọn àdúgbò yẹn máa ń bani lẹ́rù lọ́sàn-án ju òru lọ. Gbogbo èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, omi ń fọ́n sórí koríko fúnra ẹ̀, kò sí ajá, kò sí ọmọdé. Ìró bàtà mi nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi àpótí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, ìró náà di méjì. Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Níwájú, òpópónà náà ṣẹ́ kọ́nà wọ ibi tí igi pọ̀ sí.

Mo ní kí ló kàn mí. Mo padà sínú bọ́ọ̀sì, mo gbé míìtì páì mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí ya ìyókù. Ẹ̀yìn kọ́nà á ṣáà ní ilé kan, àbí? Mo fi ilé kékeré kan síbẹ̀, ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì sí àpótí lẹ́tà. Mo gbé ilẹ̀kùn ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò mọ ìdí. Mo ya igi kan tó tẹ̀ bo òrùlé, mo fi fèrèsé méjì síwájú. Ọwọ́ mi yá gan-an lọ́jọ́ yẹn, kódà ó yá jù.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé gbé àwòrán mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù.

"Délé, ilé yìí ò sí nínú máàpù o."

"Máàpù wọn ló ti pẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o rìn débẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

"Ó dáa. Gbé bọ́ọ̀sì, jẹ́ ká lọ wò ó."

Nígbà tá a yí kọ́nà náà, koríko gíga ló wà níbẹ̀. Kò sílé. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n padà lọ dúró síbi àpótí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n ń kà. Bí wọ́n ṣe pe ọ̀kànlélógójì, ẹsẹ̀ wọn kọ nǹkan líle. Wọ́n fọwọ́ ya koríko. Àtẹ̀gùn òkúta mẹ́ta ni, tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kùkùté igi ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá àgbà kan, ará Amẹ́ríkà, jáde látinú ilé òdìkejì, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Mo tẹríba kí wọn. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé fi àwòrán hàn wọ́n, ìyá náà sì gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ló fi ilé àbúrò mi hàn ẹ́?" wọ́n bi mí. "Kí wọ́n tó bí ẹ ló ti jóná, tòun tàbúrò mi."

Wọ́n tún tẹjú mọ́ bébà náà.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yìí! Kò sí àlejò tí ò dà láàmú." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá gbé ìka lé abẹ́ òrùlé. "O fo fèrèsé kan. Ó dáa bó o ṣe fò ó. Má yà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé gbá mi léjìká. "O rí àtẹ̀gùn lábẹ́ koríko, o sì tibẹ̀ mọ bí ilé ṣe rí! Irú ojú tí iléèwé wa ń wá nìyẹn. Orúkọ ẹ ni mo máa fi ránṣẹ́."

Ilẹ̀ Faransé ti dé àtẹ́lẹwọ́ mi. Kí n ṣáà sọ pé ẹ ṣé ló kù. Àmọ́ ìyá àgbà ò gbójú kúrò lára mi.

"Nígbà tó o rìn débẹ̀," wọ́n ní, ohùn wọn lọ sílẹ̀, "ṣé àbúrò mi bá ẹ sọ̀rọ̀? Ṣé ó ní kó o sọ nǹkan fún mi?"

Bí ẹni tó ti ń retí èsì láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣe ń wò mí. Irọ́ ò gba ẹnu mi jáde.

"Mi ò débẹ̀, Mà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mò ń jẹ míìtì páì. Orí mi ni mo ti yà á."

Wọ́n ju bébà náà sí mi lọ́wọ́ bí ohun tó gbóná. Wọ́n wọlé. Mo gbọ́ tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹlòmíì ló máa lọ, Délé," Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ní.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó yá, lọ rìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo rìn ín. Ẹ̀ẹ̀kíní, mọ́kànlélógójì. Ẹ̀ẹ̀kejì, mọ́kànlélógójì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò tíì kà ju ogójì lọ tí ẹsẹ̀ mi fi kan àtẹ̀gùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ṣì yára ju gbogbo wọn lọ, ẹ bi wọ́n, àmọ́ mo máa ń ka ìṣísẹ̀ mi, kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ yàwòrán, èmi ni mo máa ń lọ fà á jáde. Àǹtí Bọ́lá ti gbàdúrà lé àwòrán yẹn, wọ́n sì fà á ya sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ tí mo bá gbàgbé ara mi níwájú bébà, ọwọ́ mi á tún bẹ̀rẹ̀ ilé náà: ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, igi, fèrèsé méjì. Á wá máa sún lọ sábẹ́ òrùlé. Ó mọ ibi tí fèrèsé kẹta wà.

Ìgbà yẹn ni mo máa ń jókòó lé ọwọ́ náà.