Òfìfo Tí Bàbá Jẹ́jẹ́ Ń Fi Sílẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ ríjà Sìsí Aláwọ̀, ẹ fọwọ́ kan àwọ̀ tó tò sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ló ń kọ jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í yá bí àwọ̀ kò bá gún: orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà nìyẹn.

Òun àti Bàbá Jẹ́jẹ́ ló jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kẹ́yìn síra wọn ní ìjókòó. Àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná ni Bàbá. Ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ, inú kóòdù ló ń kọ ọ́ sí, lókè ìlà tọ́rọ̀ kàn, a sì máa fi "Sìsí" bẹ̀rẹ̀ kí Sìsí lè mọ̀ pé òun ló ń bá wí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ báyìí láìyí ọrùn.

Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá kò kọ nǹkan kan mọ́. Òfìfo ló ń fi sílẹ̀ káàkiri, ìlà kan níbí, ìlà méjì lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò tilẹ̀ yọjú síbi iṣẹ́. Inú bí Sìsí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló kọ̀wé sí ọ̀gá pé òun kò lè bá Bàbá ṣe mọ́, ọ̀gá sì ní bó bá di ọ̀sán, òun yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Ọkàn Sìsí balẹ̀, ló bá kọjú sí ohun tó ń dùn ún jù: nọ́ńbà rẹ̀ kò pupa mọ́. Ó yí àwọ̀ náà títí, kò gbọ́. Ó ti ètò tó fi ń kọ kóòdù, ó tún un ṣí, pàbó. Nígbà tó sú u, ó gbé fáìlì àwọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kúrò níbẹ̀, kí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Háà!

Gbogbo ibi tó ti ń rí òfìfo, ọ̀rọ̀ ló kún ibẹ̀.

"Sìsí, wo ìlà yìí, ó ń kùnà."

"Sìsí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ó sáré ṣí fáìlì àwọ̀ náà wò. Ó rántí. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òun ní àwọ̀ tirẹ̀, kí òun lè máa tètè rí i. Ó da ìlà tó sọ àwọ̀ ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, tí í ṣe dúdú, kọ, ó ní òun yóò yí nọ́ńbà àwọ̀ náà tó bá yá. Kò yí i. Dúdú wá jókòó sórí dúdú. Ẹ ò rí nǹkan!

Ó tún kà á lọ.

"Sìsí, ìyàwó mi ṣubú lánàá, ọsibítù ló wà. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá pé mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni èsì wà, èyí tí Sìsí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Bàbá, kí ni gbogbo òfìfo yìí? Ẹ palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́."

Bàbá sì ti dáhùn: "Sìsí, mo ti gbọ́. Má bínú."

Sìsí kígbe. Ó yíjú padà, àga òfìfo ló rí: ọ̀sán ti pọ́n, ọ̀gá ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó bẹ́ jáde, ó di orí àtẹ̀gùn. Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín, ó gbé báàgì àti ife tíì rẹ̀ dání. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Sìsí lè kọjá.

"Bàbá, mi ò rí i! Mo fi Ọlọ́run búra, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mi ò rí ìkankan!"

Bàbá gbé báàgì sílẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ojú ń dùn ọ́, o ò sì sọ fún mi," ni ó wí. "Wá, àbúrò mi, jẹ́ ká jọ máa lọ. Ọsibítù náà ni mò ń lọ."