Àwọ̀ Ewé Nínú Ojú Mi

Apẹ̀rẹ̀ tòmátò ló gún mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń dì í máa ń kó èyí tó ti fẹ́ rà sí, ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ síta bá wọ̀ mí ní ojú ọ̀tún.

Àlàájà alálùbọ́sà, tí ìsọ̀ wọn fara kan tèmi ní Mile 12, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn máa wá abiyamọ tí yóò fún omi ọmú sí i.

"Abiyamọ ọlọ́mọkùnrin ni o," ni wọ́n wí. "Ti ọlọ́mọbìnrin kì í tètè ṣiṣẹ́."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn ojú ní Kétu. Bí wọn ò bá rí nǹkan ṣe sí i, a ó padà sórí ọmú.

Dókítà tó wò mí kò lè ju ẹgbẹ́ àkọ́bí mi lọ. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ pọ́n bí epo tọ́ mi lójú, ó ní kí n ṣẹ́jú, ó pa iná yàrá, ó wá tan iná búlúù sí mi. Kólà aṣọ tirẹ̀ pàápàá ń tàn fírífírí. Ó ya fọ́tò ojú náà sórí fóònù, ó fi hàn mí. Ìlà kan dábùú ẹyinjú mi, ó ń tàn bí ewé tútù tí oòrùn ràn sí.

Ó ní oògùn orí bébà náà kò ní iná tirẹ̀. Iná búlúù ló ń gbé mì, àwọ̀ ewé ló ń bì jáde. Èmi tó mọ ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko tútù tó ń ya ìgbẹ́ dúdú, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro fún mi. Ó ní ibi tó bá bó lára ẹyinjú ló máa ń dúró sí. Níbi tó bá dán, omijé á ṣàn án lọ.

Ó fún mi ní oògùn tí n ó máa kán sójú, ó wá sọ èyí tó já mi láyà.

"Mummy, bí ìlà yìí bá ṣì ń tàn nígbà tí ẹ bá padà wá lọ́jọ́bọ̀, ilé ìwòsàn ńlá lẹ máa lọ. Ó lè di àpá funfun. Ojú yẹn ò ní ríran dáadáa mọ́."

Ojú ni mo fi ń ta tòmátò. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tó fẹ́ rà, kó lọ máa ta iyọ̀.

Mo gbàgbé pé omijé a máa gba imú jáde. Bí mo ṣe padà dé ìsọ̀, mo fun imú sí áńkáṣíìfù funfun mi. Ohun tó jáde pupa rúsúrúsú.

"Ibà pọ́njú!" Àlàájà figbe ta. "Ó ti wọ imú ẹ!"

"Àlàájà, ẹ gbọ́ ná."

"Kí n gbọ́ kí ni? Wo ẹni tó ń kú lọ tó fẹ́ ṣàlàyé!"

Kí n tó tún lanu, ìyá alágbo ti gbé igò dé. Mo mu ìdajì rẹ̀ kí wọ́n lè fún mi láyè. Mo wá tọrọ tọ́ọ̀ṣì kékeré oníná búlúù tí Àlàájà fi ń wo owó tí wọ́n bá fura sí. A wọ abẹ́ tapólì níbi tó ṣókùnkùn. Mo tàn án sí áńkáṣíìfù náà, kò fi bẹ́ẹ̀ tàn, torí oògùn náà ti gbẹ. Mo fi omi tọ́ ọ. Àwọ̀ ewé bú jáde lójú ẹsẹ̀.

"Subhanallah!" Àlàájà gba tọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n tàn án sí ara wọn láti fi hàn pé ara tiwọn dá ṣáṣá. Híjáàbù funfun wọn tàn yòò, ó jọ iná gáàsì.

"Yéè! Mo ti kó o!"

Wọ́n já igò agbo gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ìdajì tó kù mì, wọ́n sì lá ìdérí igò.

Ìgbà yẹn ni mo tó ráyè sọ ohun tí dókítà sọ nípa kólà tirẹ̀: ọṣẹ ìfọṣọ ni. Wọ́n ń po nǹkan kan mọ́ ọn tó ń tàn, kí aṣọ lè funfun ju bó ṣe funfun lọ.

"O ò wá lè sọ ọ́ kí n tó mu ún?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Ìyá alágbo ní kò sí agbo tó ṣòfò lára èèyàn.

Láràárọ̀ ni mo ń fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí n fi ọ̀tún wo tòmátò. Nígbà mìíràn ó dà bíi pé mo ríran. Nígbà mìíràn bíi pé kùrukùru ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́bọ̀, Àlàájà ní àwọn máa bá mi lọ, kí àwọn lè dúró tì mí. Irọ́ ni. Ojú tó ń tàn ni wọ́n fẹ́ wò.

Dókítà tún fi bébà tọ́ mi lójú, ó pa iná. Ó tan iná búlúù sí i. Èémí Àlàájà ń fẹ́ sí mi létí, àfi bíi pé àwọn ni dókítà.

"Ibo ló wà?" ni wọ́n bi í.

"Kò sí mọ́, Màmá. Ó ti san."

"Kò sí báwo? Ẹ tún un tàn. Ẹ wo èkejì."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wo èkejì. Nǹkan kan ò tàn níbẹ̀ náà.

"Mile 12 ni mo ti wá o," Àlàájà wí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Omijé ń dà lójú mi méjèèjì, ó ti ń gba imú bọ̀. Mo ń táràrà wá áńkáṣíìfù nínú òkùnkùn. Àlàájà na tiwọn sí mi.

"Fun ún síbẹ̀ dáadáa," ni wọ́n sọ. "Tọ́ọ̀ṣì mi wà lápò."